Ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo lọ wá bàbá mi

Àwọn tó ń gbèrò láti lọ wá bàbá tó fi wọ́n sílẹ̀ ní kékeré ni mo torí wọn kọ èyí. Mi ò ní kí ẹ má lọ. Èmi náà lọ, mi ò sì kábàámọ̀ pé mo lọ. Ṣùgbọ́n ká ní ẹnì kan ti pè mí jókòó ṣáájú, kó sọ ohun tó yẹ kí n gbé dání fún mi àti ohun tó yẹ kí n fi sílẹ̀ nílé, ọ̀pọ̀ ẹkún tí mo sun ni n kì bá tí sun, ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ìyá mi lẹ́yìn náà ni n kì bá tí sọ.

Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí bàbá mi lọ. Kò sí ìjà lọ́jọ́ náà, tàbí kí n sọ pé èmi ò gbọ́ ìjà. Ó gbé báàgì, ó ní òun rí iṣẹ́ síbi tó jìnnà, pé bí òun bá ti fìdí kalẹ̀, òun á wá kó wa. Owó wá fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, owó ò wá mọ́, lẹ́tà ò wá mọ́. Ìyá mi ò bú u, kò sì gbè é lẹ́sẹ̀. Bí mo bá béèrè, á ní, "Bàbá rẹ ń bẹ láàyè," á sì kọjú sí ohun tó ń ṣe.

Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú, wọ́n á wá bá a kẹ́dùn. Wọ́n á gbá a mọ́ra, wọ́n á jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn. Ta ló ń bá ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń bẹ láàyè kẹ́dùn? Mo ti dàgbà kí n tó ka iṣẹ́ Pauline Boss, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan tó bá àwọn ìdílé awakọ̀ òfurufú ológun tó sọnù nínú ogun Vietnam ṣiṣẹ́. Wọn ò rí òkú wọn, wọn ò sì rí wọn láàyè. Ohun tó rí lára àwọn ìyàwó àti ọmọ wọn ni pé irú àdánù bẹ́ẹ̀ kì í ní òpin, nítorí ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí kò mọ̀ bóyá kí òun ṣọ̀fọ̀ ni àbí kí òun máa retí. Bàbá tèmi ò lọ sógun. Síbẹ̀, títí mo fi wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn wa lálẹ́, àyà mi á já.

Nígbà tí mi ò rí bàbá gidi, mo fi inú ara mi ro bàbá kan jọ. Bàbá yẹn ní sùúrù, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi mí yangàn níbikíbi tó bá wà. Ìwé ni mo fi ń wá a. Mo gbà pé bí orúkọ mi bá jáde níbi tó tóbi tó, ẹnì kan á kà á sí i létí. Gbogbo ìwé ẹ̀rí tí mo gbà, òun ni mo gbà á fún. Kò sì sí ọjọ́ kan tó ṣẹ̀ mí. Báwo ló ṣe máa ṣẹ̀ mí, nígbà tí kò sí nílé? Ẹni tó wà nílé ló ń ṣẹ̀.

Ẹni tó wà nílé ni ọkọ tí ìyá mi fẹ́ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Télọ̀ ni. Bọ̀dá ni mo ń pè é, òun náà ni mo sì ń pè é dòní. Iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ibẹ̀ ni mo ń bá lọ tí mo bá ti ilé ìwé dé, orí tábìlì tó ti ń gé aṣọ ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Kì í bá ọmọdé ṣeré, kì í pàlọ́. Iṣẹ́ ló ń fi síni lọ́wọ́: ṣa abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀, lọ aṣọ yìí, rán etí èyí. Bí ojú ìrán mi bá wọ́, kì í pariwo. Á gbé e padà síwájú mi, á ní, "Tú u." Màá tú u, màá tún un rán. Á wò ó, á tún ní, "Tú u." Mi ò rántí pé ó yìn mí rí. Bó bá gbé aṣọ náà kọ́ tí kò sọ nǹkan kan, ó ti dáa nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé aṣọ fún télọ̀ rí mọ irú ìlérí tí wọ́n ń ṣe. Bọ̀dá ò mọ irú rẹ̀ ṣe. Bí iṣẹ́ bá máa gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló máa sọ, oníbàárà á sì gbé aṣọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó sọ ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá mi á ní, "Ẹ ò bá sọ pé ọ̀sẹ̀ kan ná, ká gba owó lọ́wọ́ ẹ̀." Á dá a lóhùn pé, "Tí ọ̀sẹ̀ ọ̀hún bá pé, ta ló máa dúró níwájú ẹ̀?" Lójú tèmi nígbà yẹn, agọ̀ ni. Owó ń gba iwájú wa kọjá, ó ń wò ó.

Àléébù rẹ̀ wà, mi ò ní fi bò. Bí inú bá bí i, kì í lu èèyàn, kì í bú èèyàn. Dídákẹ́ ló ń dákẹ́. Ó lè dákẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Á jẹun, á ṣiṣẹ́, á dáhùn tí a bá kí i, àmọ́ kò ní sọ gbólóhùn kan lé e. Àwa ọmọ á máa wo ojú ara wa, ta ló ṣe é, kí la ṣe? Á wá jí lọ́jọ́ kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. A ò mọ ohun tó bí i nínú, a ò sì mọ ohun tó mú un rọ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, màá padà sórí ẹ̀.

Mo dàgbà, mo ṣiṣẹ́, mo lọ́kọ. Ohunkóhun tí kò dáa nínú ìwà mi, bàbá mi tó lọ ni mo ń kà á sí lọ́rùn. Kí n tó lọ́kọ, mo ti kọ àwọn ọkùnrin tí wọn ò ṣe mí ní nǹkan kan, torí mo fẹ́ kọ́kọ́ lọ kí wọ́n tó lọ. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí mo kàn fura pé wọ́n fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù. Ó ṣeé ṣe kí ìwọ̀nyẹn jẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ bí ọkọ mi bá ṣẹ̀ mí, ńṣe ni màá dákẹ́. Á máa bẹ̀ mí, "Sọ ohun tí mo ṣe." Mi ò ní sọ. Nígbà tí mo bá sì wá sọ̀rọ̀, àlàyé tí màá ṣe ni pé ọmọ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀ ni mí, pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe bà mí jẹ́. Àánú mi á ṣe ọkọ mi, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Àlàyé tó bá ń gbà yín sílẹ̀ lọ́jọ́ gbogbo báyìí, ẹ yẹ ìdí ẹ̀ wò dáadáa. Èmi ò yẹ tèmi wò fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ojú ló wá sọ mí dìde. Mo lọ gba dígí ìkàwé, dókítà ojú wá bá a pé omi inú ojú mi ń tì í ju bó ṣe yẹ lọ. Ó béèrè pé, "Ta ló ní glaucoma nínú ẹbí yín? Ìyá ńkọ́?" Mo ní kò sí. "Bàbá ńkọ́?" Mi ò rí nǹkan kan sọ. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé aláìsàn ò mọ̀.

Ó yẹ kí ẹ mọ ìdí tó fi ń béèrè. Glaucoma máa ń ba iṣan tó ń gbé ìríran láti ojú lọ sí ọpọlọ jẹ́. Oríṣi rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù lọ kì í dunni. Láti ẹ̀gbẹ́ ló ti máa ń jẹ ìríran wọnú, ẹni tó ní in á ṣì máa kàwé, á máa rí iwájú kedere, títí ohun tó ti lọ á fi pọ̀. Èyí tó bá sì ti lọ, kò ní padà. Òògùn kíkán, iná léésà tàbí iṣẹ́ abẹ lè dín bí omi náà ṣe ń ti ojú kù, kí èyí tó ṣẹ́ kù lè dúró. Ẹni tí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ bá ní in, ewu tirẹ̀ ju ti ẹlòmíì lọ ní ìlọ́po, ó sì máa ń tètè mú àwa aláwọ̀ dúdú. Bàbá tí kò bá yín gbé pọ̀ rí ṣì lè ti fi nǹkan sínú ojú yín.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ fún ara mi pé tìtorí ojú ni mo ṣe ń wá a. Ohun tí mo sọ fún àbúrò rẹ̀ obìnrin náà nìyẹn, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti gba nọ́ńbà. Àǹtí yìí gbìyànjú fún mi. Ó ní, "Ó ti níyàwó o, ó sì bímọ. Wọn ò mọ̀ ẹ́." Mo gbọ́ ọ, kò wọ̀ mí létí. Mo pe bàbá mi. Nígbà tí mo dárúkọ ara mi, ó dákẹ́ títí, ó wá ní, "Ohùn ìyá ẹ lo ní." A dá ọjọ́. Mi ò sọ fún ìyá mi, mi ò sọ fún Bọ̀dá, ọkọ mi pàápàá rò pé ibi iṣẹ́ ni mo lọ. Àwọn ìwé ẹ̀rí mi ló tú àṣírí mi: èmi ìyá ọlọ́mọ kó gbogbo wọn sínú báàgì, èyí tí mo gbà ní kékeré wà níbẹ̀.

Kì í ṣe ilé rẹ̀ la ti pàdé. Ibì kan tí wọ́n ti ń ta ohun mímu ló mú, ó jìnnà sí àdúgbò rẹ̀, ìdí tó fi mú un sì yé mi. Ó jókòó, ó na ọwọ́ sí ife, ọwọ́ rẹ̀ tàsé. Ó yí orí kó tó rí i. Kí n tó béèrè ohunkóhun ni mo ti gba èsì fún dókítà. Ojú òsì ti lọ, ó ní, òògùn lòun ń kán sí tọ̀tún. Ohun tí mo sọ pé mo bá wá ti tán, a ò tíì jókòó pẹ́.

Èyí tó kù ni ohun tí mo bá wá gan-an. Mo bi í pé kí ló dé tó lọ. Ó ní, "Nǹkan ò rọgbọ nígbà yẹn." Mo dúró kó máa bọ̀ níbẹ̀. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀. Ó wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ ọn, pé òun ti ń gbúròó mi lẹ́nu àbúrò òun, pé òun máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ òun pé òun ní ọmọ kan tó mọ̀wé. "Ẹ̀jẹ̀ mi ni," ó ní, "mo mọ̀ pé ọpọlọ á wà níbẹ̀."

Ohun tí mo ti ń retí láti kékeré nìyẹn. Ó ń fi mí yangàn lóòótọ́. Inú bí mi débi pé eyín mi ń gbọ̀n. Mi ò ṣí báàgì. Mi ò sọ̀rọ̀ mọ́, mo kí i pé ó dàbọ̀, mo lọ.

Ìyá mi ni mo kọ́kọ́ gbé ìbínú náà lọ bá. Mo ní òun ló fi ọkùnrin náà pamọ́ fún mi, pé ká ní ó ti jẹ́ kí n mọ irú èèyàn tó jẹ́, mi ò ní fi ìgbà èwe mi wá a. Ó wò mí, ó ní, "Tí mo bá bú u fún ẹ, ṣé wàá gbà?" Òótọ́ ni, mi ò ní gbà. Àwọn ìyá tí wọn ò bú bàbá lójú ọmọ kì í gba ọpẹ́ kankan lórí ẹ̀.

Bàbá mi ń pè, mi ò gbé e. Ọkọ mi wá gbé e lọ́jọ́ kan, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ pẹ́. Nígbà tó parí, ó ní, "Bàbá ẹ yìí fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀ o. Ta lo wá kọ́ dídákẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀?"

Mi ò lè dá a lóhùn. Gbogbo ọdún tí mo ti fi ń jẹ́ kí àánú mi ṣe é! Ẹni tó lọ kò kọ́ mi ní dídákẹ́. Ẹni tó dúró ló kọ́ mi, nínú ṣọ́ọ̀bù, ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí kò fi bá wa sọ̀rọ̀. Mo ti ń kọ gbèsè sí orúkọ ẹni tí kò jẹ ẹ́. Nígbà tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé gbèsè náà wò, mo rí i pé ti owó tó wọlé náà ò tọ́. Níbi iṣẹ́ mi, ohun tí wọ́n mọ̀ mí sí ni pé tí mo bá dá ọjọ́, ọjọ́ yẹn ni. Mo máa ń sọ fún àwọn tó ń bá wa da òwò pọ̀ pé iṣẹ́ á pẹ́, kódà tí wọ́n bá máa tìtorí ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Mo ti rò pé ọgbọ́n orí mi ni. Bí mo bá kọ ìwé tí kò gún, mo máa ń pa á rẹ́, màá tún un kọ, láìsí pé ẹnikẹ́ni ní kí n tú u.

Ní erékùṣù Kauai ní Hawaii, Emmy Werner àti Ruth Smith tẹ̀ lé àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ní 1955, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 700, títí wọ́n fi dàgbà. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ni ayé le fún láti kékeré: òṣì, ìjà nínú ilé, àìsàn òbí. Síbẹ̀, nínú àwọn tí ayé le fún yìí, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló dàgbà di ọmọlúàbí tó ń ṣe dáadáa. Lára ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni àgbàlagbà kan, ó kéré tán, tó dúró tì wọ́n gbọn-in. Ó lè jẹ́ òbí àgbà, olùkọ́ tàbí aládùúgbò. Àwọn kan máa ń ka irú èyí, inú wọn á dùn. Èmi bínú nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, torí ó fi hàn mí pé ohun tí mò ń sunkún rẹ̀ ti ń gbé abẹ́rẹ́ níwájú mi láti ọjọ́ yìí.

Mo lọ sọ fún Bọ̀dá. Ó ń rán aṣọ lọ́wọ́, kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ìgbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ó bi mí pé, "Ojú tìẹ náà ńkọ́?" Mo ní wọ́n ń ṣọ́ ọ. Ó ní ó dáa. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́, irú dídákẹ́ tí mo mọ̀. Ìyá mi sọ fún mi pé ó ti gbọ́ kí n tó wá sọ, àǹtí ọjọ́sí ló pè wọ́n. Nígbà tí mo rí i pé ọ̀sẹ̀ fẹ́ yí, mo padà lọ jókòó síwájú ẹ̀, mo sọ ohun tí ọkọ mi máa ń sọ fún mi: "Bọ̀dá, ẹ sọ ohun tí mo ṣe." Ojú ara mi ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mo rò pé kò ní dáhùn. Ó pẹ́ kó tó ní, "Ò bá sọ fún mi. Ǹ bá fún ẹ lówó ọkọ̀."

Torí náà, ẹ sọ fún ẹni tó tọ́ yín dàgbà kí ẹ tó lọ. Kì í ṣe pé kó fún yín láṣẹ. Ó lè dùn ún, àmọ́ kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sì jẹ́ kí ẹnì kan mọ ọjọ́ tí ẹ ń lọ gan-an, ẹni tó máa wà nílé tí ẹ bá dé. Èmi nìkan ni mo gbé tèmi padà wálé, ó sì wúwo.

Ẹ ya ìbéèrè sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tó lè dáhùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni ti ara: àìsàn wo ló wà nínú ẹbí, ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n nígbà tó bẹ̀rẹ̀, òògùn wo ni wọ́n ń lò, kí ló pa àwọn òbí rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Bó bá ti kú, ẹ bi àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìbéèrè "kí ló dé tí ẹ lọ" lè dúró. Ó ṣeé ṣe kó má ní ìdáhùn tó máa tó yín láéláé. Ẹ má sì já lu ìyàwó àti àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀, wọn ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó á wáyé. Ẹ ti pinnu ohun tí ẹ máa ṣe kó tó béèrè, torí ojú kòrókòró lẹ ò ní lè rò ó dáadáa. Bàbá mi béèrè. Òògùn ojú ni mò ń rà, mi ò fún un lówó. Òògùn náà ló máa kán títí ayé, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń dá a dúró nítorí pé ojú ò dùn wọ́n, wọ́n rò pé ó ti san.

Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń tọ́ ọmọ tí ẹ ò bí, mo mọ̀ pé iṣẹ́ tí kò ní ìyìn ni. Ọmọ náà lè máa fi yín wé ẹni tí kò sí lọ́jọ́ gbogbo. Ẹ má torí ẹ̀ padà sẹ́yìn. Àmọ́ ẹ sọ̀rọ̀. Tí inú bá bí yín, ẹ sọ ohun tó bí yín. Tí ọmọ bá rán aṣọ kan dáadáa, ẹ sọ pé ó dáa kí ẹ tó gbé e kọ́.

Nípa ti ojú, tèmi ṣì wà ní ìṣọ́, mò ń lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún. Mo sọ fún bàbá mi pé dandan ni kí àwọn ọmọ rẹ̀ náà lọ yẹ ojú wò, ó ní kò sí bí òun ṣe lè sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn kí wọ́n má béèrè ẹni tó ní kó wá sọ ọ́. Ó fi falẹ̀ fún oṣù díẹ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn pè mí láìpẹ́ yìí, ó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àyẹ̀wò náà àti bóyá ó máa ń dunni. Mo ní kì í dunni. A ò tíì sọ̀rọ̀ mìíràn.